Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ Lójú Agbami

Iṣẹ́ tí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè kó irin àti ọpọlọ jọ fún, èmi nìkan ni mo dá a dúró lọ́jọ́ kan, ohun tí mo sì fi dá a dúró kò ju pé mo dọ̀bálẹ̀ kí àgbàlagbà lọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀ ná, kí ẹ lè rín gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àárín agbami la wà, ní ilẹ̀ Sìkọ́táńdì, níbi tí òtútù ti máa ń wọ eyín kó tó wọ ara. Ọkọ̀ ojú omi wa fi kíréènì gbé abẹ̀bẹ̀ irin ńlá kan sókè, irú èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé e sí ojúde ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkẹ́rẹ́, ìyàwó ọ̀ṣìngín ò ní í rí ibi gbà wọlé. Ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí, kí omi òkun tó ń lọ tó ń bọ̀ máa yí i, kí yíyí yẹn sì máa di iná, láìsun epo, láìsí èéfín. Àkókò kékeré kan wà láàárín ìgbà tí omi bá lọ tán àti ìgbà tó bá fẹ́ máa bọ̀, tí òkun á kàn dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ mú nínú yàrá. Àkókò yẹn nìkan ni wọ́n lè fi sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Bó bá ti kọjá, ó di ìgbà mìíràn.

Àkókò yẹn gan-an ni Bàbá Japáànù yàn láti wá kí mi.

Ẹ̀njiníà àgbà ni bàbá náà. Òun ló ya àwòrán abẹ̀bẹ̀ yẹn láti ìlú rẹ̀ lọ́hùn-ún, irun rẹ̀ sì funfun bí òwú. Ó rìn wá síbi tí èmi àti Sùsẹ́, ará Pọtogí tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ti di okùn mú kí abẹ̀bẹ̀ má bàa máa fì. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ ẹ̀yìn ba, ó kí mi. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lọ́dọ̀ wọn nìyẹn, ọmọdé kí àgbà, àgbà kí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi? Ará Ìkẹ́rẹ́ ni mí. Bàbá tó lè bí bàbá mi tẹ̀ba fún mi, kí èmi wá dúró gbagidi bí òpó? Bí ìyá mi bá gbọ́, á ní ibòmíràn ni wọ́n ti tọ́ mi.

Mo tẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Bàbá rí i pé mo tẹ̀ ju òun lọ, ló bá tún tẹ̀ sí i. Mo wálẹ̀ sí i. Bàbá náà wálẹ̀, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Mo wá rò ó pé bí a bá ń bá a lọ báyìí, ẹ̀yìn bàbá olóore yìí á dá, wọ́n á sì ní èmi ni mo dá a. Mo ti okùn mọ́ Sùsẹ́ lọ́wọ́, mo na ara mi gbalaja, àyà mi kan irin ọkọ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà."

Òfin kan wà nínú ọkọ̀ yẹn, wọ́n sì ti kọ́ wa ní àkọ́túnkọ́: ẹni tí wọ́n bá rí tó nà sílẹ̀, àìsàn ló gbé e dè, kí gbogbo iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Fèrè dún. Ẹ̀rọ dákẹ́. Abẹ̀bẹ̀ rọ̀ sókè, ó ń mì lẹ̀gbẹ́lẹ̀gbẹ́. Kí n tó ní kí n dìde, wọ́n ti ki mí mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé bàbá ni mo ń kí, wọ́n ti fi ike atẹ́gùn bò mí nímú àti lẹ́nu. Wọ́n gbé mi sórí ibùsùn aláìsàn, wọ́n fi bẹ́líìtì dè mí mọ́ ọn bí ẹrù orí ọkọ̀ akóṣu.

Èyí tó burú jù ni pé Bàbá Japáànù tẹ̀ lé wa, ojú rẹ̀ rọ, ó ń tẹ̀ba, ó ń tọrọ àforíjì. Bó bá ti tẹ̀ba báyìí, èmi náà á jà nínú bẹ́líìtì kí n lè wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọkọ̀ ní gìrì ti mú mi o, kí wọ́n fi bẹ́líìtì kan kún un.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa yé wọn, òkun ti rántí ohun tó gbàgbé, ó ti gbéra. A gbé abẹ̀bẹ̀ padà sí èbúté bí ẹni gbé ìyàwó lọ tí kò bá ẹnì kankan nílé ọkọ.

Bí mo ṣe kọ́kọ́ dé Sìkọ́táńdì, kí ọjọ́ yẹn tó dé, kò ṣe pàtàkì. Ẹni tó ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò rìn rí, n ò fẹ́ kó o láyà sókè. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé ará ìpínlẹ̀ Òndó ni mí nígbà tí mo fi ilé sílẹ̀. N ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí ìyá mi fi sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n ti gé wa kúrò lára Òndó, a ti di Èkìtì, pé wọ́n ń jó káàkiri Adó. Mo ní kí wá ni èmi báyìí. Ó ní Èkìtì ni mí, kí n yáa máa ṣe bí ọmọ Èkìtì níbi tí mo wà.

Inú mi dùn, mo wá ẹni tí màá sọ fún. Mo sọ fún onílé mi pé wọ́n ti yí ìpínlẹ̀ mi padà nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó rò ó díẹ̀, ó wá béèrè bóyá mo ṣì ń mu tíì.

Mo máa ń rò ó títí di òní. Ará ilé ni ó ń kúrò nílé, èyí yé mi. Ṣùgbọ́n ilé náà tún lè dìde lẹ́yìn rẹ, kó yí orúkọ padà, kó sì máa jó lọ́jọ́ tí ìwọ ń kun ọ̀dà nínú òtútù. Ìgbà mìíràn tí àwọn òyìnbó bá bi mí pé níbo ni mo ti wá, màá kọ́kọ́ sọ Òndó, màá tún un ṣe. Kò sí èyí tí wọ́n mọ̀ nínú méjèèjì. Èmi nìkan ló ń yọ lẹ́nu.

Ìgbà tí oòrùn wọn kì í fẹ́ wọ̀ ni mo dé. Nílé wa, bí ilẹ̀ bá ti ṣú la máa ń jẹ oúnjẹ alẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé ìkòkò kaná, mo ní kí ilẹ̀ ṣú ná. Mo dúró. Mo jáde lọ wo oòrùn, mo bá a níbi tí mo fi í sí. Mo wọlé, mo tún jáde, oòrùn náà jókòó sójú òkun bí àlejò tí wọ́n ti fún ní oúnjẹ tí kò sì sọ pé òun ń lọ. Ebi lu mí sùn. Lọ́jọ́ kejì, Sùsẹ́ bi mí lẹ́nu iṣẹ́ pé kí ló ṣe mí tí ojú mi rí báyìí, mo ní mo ń retí alẹ́. Ó ní kí n máa jẹun o, ará, alẹ́ ò ní í wá.

Èyí tó tún dùn mí ni ìkíni. Ní Ìkẹ́rẹ́, o ò lè kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí o má kí i kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó, o kí i kú ìjókòó. Ẹni tí òtútù ń mú, o kí i kú òtútù, bí kò tiẹ̀ sí ohun tí ìkíni náà fẹ́ ṣe sí òtútù. Níbẹ̀, bí mo bá kí wọn, wọ́n á wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí ìkíni fi kún inú mi tí kò ríbi jáde. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ẹyẹ funfun etí òkun. Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú ìrìn. Ọ̀kan nínú wọn ṣu sí mi lórí fìlà. Mo nù ún, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Ó kéré tán, òun dáhùn.

Ìyá mi ní tirẹ̀, Sátidé ni ọjọ́ wa. Yóò ti oko ojú ọ̀nà Ìsẹ̀ bọ̀, yóò fọ ẹsẹ̀, yóò wé gèlè, yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tí gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ń pè ní Bọ̀dá Tẹlifóònù. Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ní ọmọ lókè òkun máa ń jókòó sí dúró de ìpè. Fóònù Bọ̀dá yẹn ní ariwo nínú. Ohun tí mo bá sọ fún ìyá mi, gbogbo bẹ́ǹṣì ló gbọ́, gbogbo bẹ́ǹṣì ló sì máa ń dá sí i. Bí Ìyá bá béèrè ohun tí mo jẹ, tí mo ní mo fi ìgò gún pòtétò bí iyán, ẹnì kan á ti ẹ̀yìn rẹ̀ wí pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ náà, òmíràn á ní kó máa dúpẹ́ pé ó rí ìgò.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ mi fún un, mo ní, "Ìyá, omi òkun la fẹ́ fi tan iná."

Ó ní, "Ṣebí omi ló ń pa uná?"

Ọkùnrin ará Ìlúmọba kan tó jókòó síbẹ̀ ní òótọ́ ni, pé àbúrò ìyàwó òun tó kàwé ti sọ irú ẹ̀ rí. Ìyá ní ó dáa, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí omi náà má ṣáà kọjá orúnkún mi. Mo ní kókósẹ̀ gan-an ló mọ. Irọ́ kọ́ nígbà yẹn. Etí òkun ni mo ṣì wà, mo ń kun àwọn òpó irin ní ọ̀dà pupa rúsúrúsú.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe pè é. Ìyá mi kì í sọ pé iná, uná ni. Ilé di ulé, iṣẹ́ di uṣẹ́, iyán di uyán. Nígbà tí mo wà nílé, mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò wọ ilé ìwé. Lọ́hùn-ún, bó bá ti wí uná báyìí, ṣe ni mo máa ń fi fóònù lẹ̀ mọ́ etí kó má bàa jò dànù. Lọ́jọ́ tí ìpè ò bá sí, màá máa rìn létí òkun, màá máa dá a sọ fún ara mi, ulé, uṣu, uyán, uyán, uyán. Obìnrin kan tó ń fa ajá lọ gba ọ̀nà mìíràn.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Abẹ̀bẹ̀ ti Japáànù wá, wáyà tó ń lọ lábẹ́ omi ti Nọ́wè wá, irin ti Jámánì wá, àwọn ajórin ti Pọtogí wá, òkun jẹ́ ti àwọn ará Sìkọ́táńdì. Àwa Èkìtì ni a mú ìfòyà wá, ìyẹn ni pé èmi nìkan. Bí wọ́n bá ti jókòó jẹun, wọ́n á máa sọ pé bí èyí bá ṣiṣẹ́, ayé gbogbo á lè máa fi omi tanná, ìran tó ń bọ̀ ò ní í máa fa èéfín símú. Èdè tí wọ́n fi ń sọ ọ́ pọ̀ débi pé ẹni tó fẹ́ gba iyọ̀ á kàn na ọwọ́. Mo máa ń mi orí. Mo gbà á gbọ́, ẹ ò gbọdọ̀ rò pé n ò gbà á gbọ́. Mo kàn rò pé kí àwọn tó mọ òkun lọ máa ṣe é lójú òkun, kí èmi máa gbà á gbọ́ láti orí ilẹ̀.

Mọ̀rágì ni ọ̀gá wa, obìnrin tó tó ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tó lè wo èèyàn kí èèyàn rántí gbogbo ohun tí kò ṣe. Mo ń pè é ní Mà. Ó ní kí n má pe òun ní Mà mọ́, kí n máa pe orúkọ òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Òun ló wá sọ pé ọ̀dà ti tán, pé gbogbo wa là ń lọ sí ojú omi, kí á lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jábọ́ sínú òkun. Mo bi í pé ṣé bí èèyàn ò ṣe ní í jábọ́ ni kò sí lára ẹ̀kọ́ náà.

Wọ́n kó wa lọ sí odò kan tí wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe nínú ilé. Wọ́n wọ aṣọ rọ́bà fún wa láti ọrùn dé ẹsẹ̀, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. Bí mo ṣe dúró létí odò yẹn, bí wọ́n bá gbé mi sọ́jà Ẹ̀múrẹ́, wọ́n á ti ná mi. Wọ́n ní aṣọ náà ò lè rì láéláé, kí n fò sínú omi. Mo ní bí kò bá lè rì, kí ni a tún ń dán wò. Olùkọ́ náà fò wọlé kó lè fi hàn mí, mo sì gbà fún un, mo ní ó fò dáadáa. Ó na ọwọ́ sí mi láti inú omi. Mo di ọwọ́ náà mú, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo bá ọrùn rẹ̀, mo dì mọ́ ọn. Àwọn mìíràn ló wá tú wa. Wọ́n kọ̀wé pé mo yege, n ò mọ ìdí rẹ̀. Ó jọ pé olùkọ́ náà kò fẹ́ kí n tún padà wá ni.

Èmi àti Sùsẹ́ ni wọ́n fi sójú kan. Méjìméjì ni wọ́n ń kọ́ wa, ẹni méjì lórí okùn kan, ẹnì kan ò gbọdọ̀ lọ láìsí ẹnìkejì. Báyìí ni a ṣe dé ọjọ́ tí Bàbá Japáànù wá kí mi.

Lọ́jọ́ kejì ìtìjú yẹn, mo fi fìlà bo ojú dé èbúté. Mo bá wọn, gbogbo wọn, ará Nọ́wè, ará Jámánì, ará Pọtogí, wọ́n ti sùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí mo máa gbà. Wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Sùsẹ́ ló kọ́ wọn. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi dáadáa, ahọ́n rẹ̀ ni kò gbà á. Ojú tì mí, inú bí mi, ṣùgbọ́n ohun tó wá bí mi nínú jù ni pé wọn ò ṣe é dáadáa. Ọ̀kan fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Ará Nọ́wè kan dojú sókè pátápátá. Mo ní òkú ló ń kí èèyàn báyẹn, kó yí padà. Ó yí padà. Mo fi hàn wọ́n bí ọwọ́ ṣe máa wà, bí àyà ṣe máa kanlẹ̀ tí a ó tún gbé e díẹ̀. Nígbà tí a parí, mo fi kíkí kú iṣẹ́ kún un fún wọn. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, ará Jámánì kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó wo àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Mo dáhùn. Mo lọ dúró lẹ́yìn àwọn òpó irin fúngbà díẹ̀, nítorí pé atẹ́gùn fẹ́ nǹkan sí mi lójú.

Mọ̀rágì ti wo gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó pè mí wọ ofíìsì rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó ní lórí ilẹ̀, bí mo bá fẹ́ kí n máa fi àyà fà kí àwọn èèyàn, kò kan òun, ṣùgbọ́n lórí omi, ìdúró ni. Ó ní Mọ́ńdè ni òkun á tún fara balẹ̀, a ó tún gbé abẹ̀bẹ̀ lọ. Ó wò mí, ó ní kí ló dé.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyí, n ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Nígbà tí mo dúró nínú ọkọ̀, mo máa ń ṣe bí ẹni pé irin ni mo dúró lé, irin ni mo ń wò, n kì í wo ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi àyà lélẹ̀ yẹn, mo gbọ́ ọ. Lábẹ́ irin náà, ó ń lù ú, gbì, gbì, kì í ṣe bí omi, bí ohun tó mọ̀ pé mo wà lókè. A bí mi sáàárín àpáta. Ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́ kì í mira. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti rí ọkọ̀ náà lásán, màá wá nǹkan dì mú. Gbogbo ọ̀rọ̀ gìrì tí nọ́ọ̀sì sọ, bàbá ló fa ìdajì, ìdajì tó kù, ẹ̀rù ni.

Mo sọ fún Mọ̀rágì pé n ò rò pé mo lè lọ. Ó ní iṣẹ́ orí ilẹ̀ ti parí, bí mi ò bá lọ, wọ́n á dá mi padà sílé ni, Sùsẹ́ náà á sì kúrò lórí okùn, torí kò sí ẹni tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní kí n lọ rò ó, kí n wá fún òun lésì kí Mọ́ńdè tó mọ́.

Mo rò ó, mo sì rí ọgbọ́n kan. Ìyá mi ni yóò bá mi parí rẹ̀. Obìnrin tó ní kí omi má kọjá orúnkún ọmọ òun, bó bá gbọ́ ohun tó wà nílẹ̀, ṣebí á pàṣẹ pé kí n máa bọ̀ nílé. Bó bá sì ti pàṣẹ, ẹ̀rù kọ́ ló mú mi sá, ìgbọ́ràn ni. Ta ni yóò bínú sí ọmọ tó gbọ́ ti ìyá rẹ̀? Mo tiẹ̀ ti ro bí màá ṣe sọ ọ́ fún Mọ̀rágì, pẹ̀lú ojú ìbànújẹ́.

Sátidé dé. Mo wọ àpótí tẹlifóònù tó wà létí òkun, atẹ́gùn ń gbá ilẹ̀kùn rẹ̀, mo pe Ìkẹ́rẹ́. Mo sọ òótọ́ fún ìyá mi, mo sì fi nǹkan ṣe òótọ́ náà lọ́ṣọ̀ọ́. Mo ní òkun yìí, ẹnì kan kò tíì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó padà wá sọ. Mo ní ẹni tó bá já sí i, òtútù á pa á kó tó pe orúkọ ara rẹ̀ tán. Mo ní irin tó wúwo tó ilé petẹ́ẹ̀sì ni yóò máa fì lókè orí mi, okùn kan báyìí ló sì so ó rọ̀. Mo gbọ́ bí bẹ́ǹṣì ṣe ń kérora ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹnì kan ti ń pe Jésù. Mo ní Mọ́ńdè ni wọ́n ní kí n lọ, pé bí mo bá kọ̀, wọ́n á dá mi padà sílé. Mo wá ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà, máa bọ̀.

Bẹ́ǹṣì gba ọ̀rọ̀ náà ṣáájú Ìyá. Ọkùnrin kan ní kí n máa bọ̀, oko ò kúkú lọ síbì kankan. Obìnrin kan ní kí wọ́n fi ọmọ ẹlòmíràn rọ́pò mi. Inú mi ń dùn, bẹ́ǹṣì ń ṣiṣẹ́ mi fún mi. Ìyá ní kí gbogbo wọn dákẹ́, àwọn kọ́ ló bí i. Bọ̀dá Tẹlifóònù ní àkókò ń lọ o, Màmá. Ìyá ní kó jẹ́ kó máa lọ.

Ó wá bi mí pé, "Ẹ ò tíì tan uná náà?"

"A ò tíì tan án, Ìyá."

"Ẹ̀rù ló ń bà ọ́."

Mo ní atẹ́gùn ni, atẹ́gùn ló ń mú ohùn mi gbọ̀n.

"Ohùn yẹn ni mo ń gbọ́ nígbà tí o ń sá fún adìyẹ," ló wí. "Adìyẹ ò pa ọ́. Gbọ́ mi. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní ọmọ mi ń fi omi òkun tan uná fún gbogbo ayé. Mo mú ewúrẹ́ lọ síwájú pẹpẹ, wọ́n gbàdúrà, a jó lọ, a jó bọ̀. Mo gún uyán, gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ló wá sí ulé mi wá jẹ ẹ́, títí kan àwọn tí kì í kí mi lójú ọ̀nà. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n fọ ọwọ́. Ṣé mo wá máa lọ káàkiri ulé wọn ni, kí n ní kí wọ́n bì í padà? N ò ní kí o má bẹ̀rù o. Máa bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, lọ tan uná náà."